Ọ̀nà Ni Olùdánwò: Ìtàn Ẹsẹ̀, Ìjánu àti Sípíríǹgì Mọ́tò Ìgbà Àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn igi, irin, awọ àti rọ́bà ni. Ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí òun fi ọwọ́ ara òun kàn yóò gbé òun dé ibi tí òun ń lọ, tàbí yóò dá òun sí ọ̀nà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ẹni tí ó bá gbéra ní Báyékù létí ọ̀sà, tí ó gba Ìgbògbò kọjá, tí ó sì kọjú sí Ìkòròdú, kò ní rin ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n yóò tẹ oríṣiríṣi ilẹ̀. Iyanrìn wà létí omi, ilẹ̀ pupa wà lókè, bí òjò bá sì rọ̀, ilẹ̀ pupa náà a di ẹrẹ̀ tí ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Kí mọ́tò tó dé, ẹsẹ̀ ni àwọn ará Ìgbògbò fi ń tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹja àti ìre oko lọ sí ọjà. Ẹsẹ̀ ènìyàn gbọ́n: ìka rẹ̀ a di iyanrìn mú, orúnkún rẹ̀ a tẹ̀ bí ó bá já sí kòtò, ara rẹ̀ a sì fà sẹ́yìn bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́. Ẹsẹ̀, orúnkún àti ìfàsẹ́yìn ara: ohun mẹ́ta tí Ẹlẹ́dàá fi fún arìnrìn-àjò nìyẹn. Nígbà tí a kan mọ́tò, ohun mẹ́ta kan náà ni a ní láti wá fún un: ẹsẹ̀ tí yóò tẹ ilẹ̀, sípíríǹgì tí yóò ṣe iṣẹ́ orúnkún, àti ìjánu, èyí tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè ní bíréèkì, tí yóò fà á sẹ́yìn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn. Kókó tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí mọ́tò tí ó mọ̀ ju ọ̀nà tí a ti dán an wò lọ.

Obìnrin tí ó dán ìjánu wò

Karl Benz, ará Jámánì, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní, 1886. Àwọn ènìyàn rí i, ẹnu yà wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rà á. Ní oṣù kẹjọ 1888, Bertha ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn ọkùnrin méjì, Eugen àti Richard, sínú ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà ní ìlú Mannheim. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó forí lé Pforzheim, ìrìnàjò tí ó lé ní 100 kìlómítà, láti lọ kí ìyá rẹ̀.

Ohun tí ojú obìnrin yìí rí lọ́nà kì í ṣe kékeré. Kò sí ilé epo nígbà náà. Ilé olóògùn kan ní Wiesloch ni ó ti ra ohun tí ẹ́ńjìnnì ń mu. Níbi tí ọ̀nà bá ti gòkè, agbára ọkọ̀ kò ká a. Àwọn ọmọ a sọ̀ kalẹ̀, wọn a tì í. Níbi tí ọ̀nà bá ti dà gẹ̀rẹ́, igi tí ó jẹ́ ìjánu ọkọ̀ a máa fi ara gbo ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì ń jẹ lọ. Bertha dúró lọ́dọ̀ oníbàtà kan, ó ní kí ó kan awọ mọ́ ojú igi náà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ojú ìjánu gbọ́dọ̀ ní ìbòjú tí ó lè jẹ, tí a sì lè pààrọ̀. Nígbà tí ó padà délé, ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀, Benz sì fi gíà mìíràn kún mọ́tò rẹ̀ nítorí òkè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Benz mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n inú ilé iṣẹ́ kò ní òkè, kò sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tí ọgbọ́n ẹ̀rọ kò fi hàn án, ọ̀nà fi han ìyàwó rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo.

Afẹ́fẹ́ nínú rọ́bà

Ní ọdún 1888 yìí kan náà, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko ní ìlú Belfast, rí i pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ń gùn ń gbo ọmọ náà jìgìjìgì. Ó fi rọ́bà yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ká, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ro èrò náà, nítorí pé Robert William Thomson ti gba àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1840; ṣùgbọ́n ti Dunlop ni ó bọ́ sí àsìkò tí kẹ̀kẹ́ ti pọ̀ nígboro.

Ṣé rọ́bà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ lè ru mọ́tò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kò lè ṣeé ṣe. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Michelin ní ilẹ̀ Faransé kò bá wọn jiyàn lẹ́nu. Ojú ọ̀nà ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ. Ní 1895, wọ́n fi táyà afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ mọ́tò kan, àwọn fúnra wọn sì wà á nínú ìdíje láti Paris dé Bordeaux, àti àbọ̀ sí Paris, ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà. Táyà ń jò, wọ́n ń tún un ṣe. Ó tún jò, wọ́n tún tún un ṣe. Wọn kò dé láàrin àkókò tí a fún wọn. Lójú ẹni tí ń wá ẹ̀bùn, wọ́n fìdí rẹmi. Lójú ẹni tí ń wá ìmọ̀, wọ́n ti rí ohun tí wọ́n wá: rọ́bà ru mọ́tò, ó sì gbé e délé. Ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, táyà afẹ́fẹ́ ti di ti gbogbo ayé.

Òkè Harrow

Ìdánwò Bertha àti ti àwọn Michelin parí sí ayọ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ wàyí kò parí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, 1899, àwọn ọkùnrin kan wọ mọ́tò Daimler kan ní Harrow, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe pé wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ kiri. Wọ́n fẹ́ mọ bóyá ọkọ̀ náà dára láti rà fún ilé ìtajà ńlá kan, Major Richer tí ó jẹ́ ọ̀gá kan ní ilé ìtajà náà sì wà láàrin wọn. Edwin Sewell ni ó ń wà á. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Grove Hill, ọkọ̀ ń sáré sí i. Sewell tẹ ìjánu. Ìjánu mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò lè gba agbára ìjánu náà. Ẹsẹ̀ náà fọ́, ọkọ̀ sì tú èrò inú rẹ̀ dà sílẹ̀. Sewell kú, Major Richer náà sì kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Sewell wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kú nídìí mọ́tò tí wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì ìrántí kan wà ní òkè náà títí di òní láti máa kìlọ̀ fún àwọn tí ń kọjá.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí jinlẹ̀. Bí a bá dán ìjánu nìkan wò, a ó ní ó dára, nítorí pé ó mú. Bí a bá dán ẹsẹ̀ nìkan wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú, a ó ní ó dára, nítorí pé ó ń yí. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò tó. Ìjánu líle lórí ẹsẹ̀ tí kò le, ewu ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣètò ìdánwò 1,000 máìlì ní 1900, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Edinburgh àti àbọ̀, odindi ọkọ̀ ni wọ́n dán wò lórí odindi ọ̀nà: òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò àti ẹrẹ̀. Ọkọ̀ 65 ni ó gbéra.

Mọ́tò dé ilẹ̀ wa

Wàyí o, gbogbo ọ̀nà tí mo ti dárúkọ, ọ̀nà ilẹ̀ òyìnbó ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti ń tẹ̀ láti ayébáyé, a sì ti da òkúta sí i. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà dé ilẹ̀ Yorùbá?

Ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1906, nígbà tí Walter Egerton jẹ́ Gómìnà, ìjọba la ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́; òun ni a sábà máa ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Èkó, W. A. Dawodu, ọmọ ìbílẹ̀, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí ó ń kó mọ́tò wọlé, tí ó sì ń tún wọn ṣe. Ní àwọn ọdún tí ó yí 1913 ká, Ìyáàfin Charlotte Olajumoke Obasa, ọmọ R. B. Blaize, dá ọkọ̀ èrò Àǹfààní sílẹ̀ nínú ìlú Èkó. Ẹ rí i pé kò pẹ́ rárá tí àwọn ènìyàn wa fi gba iṣẹ́ náà mọ́ra.

Ní 1908, Henry Ford mú Model T jáde ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí mọ́tò yìí, nítorí pé ó bá ọ̀nà wa mu ju àwọn mìíràn lọ. Kí ni ìdí rẹ̀? Ọ̀nà oko ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà kò sàn ju tiwa lọ. Ẹrẹ̀ ni, kòtò ni, gẹ́gẹ́lẹ́ ni. Ọ̀nà burúkú ni ó tọ́ Model T dàgbà. Ó ga nílẹ̀, kùkùté kì í sábà kàn án nísàlẹ̀. Ó fúyẹ́, ẹrẹ̀ kì í tètè gbé e mì. Sípíríǹgì méjì péré ni ó ní, ọ̀kan dábùú iwájú, ọ̀kan dábùú ẹ̀yìn. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan lè gun gẹ́gẹ́lẹ́ nígbà tí èkejì wà nínú kòtò, tí ara ọkọ̀ kò sì ní lọ́. Ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, àwọn lọ́rì wúwo tí ó ti Yúróòpù wá ń ba ọ̀nà jẹ́. Àwọn Ford fífúyẹ́ ni ó rí ọ̀nà wọ inú oko kòkó.

Ṣùgbọ́n ìjánu ni àìlera rẹ̀. Ìjánu tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kì í mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Inú ilé gíà ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìjánu ọwọ́ sì ń mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan. Kò sí ohunkóhun tí ó mú ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ fojú inú wo aláàrù tí ó ru ẹrù wúwo, tí ó ń sáré, tí a wá ní kí ó dúró lójijì. Ẹrù a fẹ́ dà síwájú, gbogbo ìwúwo a bọ́ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ a sì fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mọ́tò. Bí a bá tẹ ìjánu, ìwúwo a lọ síwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a fúyẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó fúyẹ́ yìí ni a sì ń retí pé kí ó dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ìdí ọkọ̀ a fì, ọkọ̀ a sì wọ igbó. Inú àwọn ọdún 1920 ni ìjánu ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tàn kálẹ̀. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkọ̀ tí ó ní i a máa gbé àmì pupa onígun mẹ́ta sẹ́yìn láti kìlọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé ọkọ̀ yìí lè dúró kíákíá. Ford pàápàá kò lò ó títí ó fi mú Model A jáde ní ìparí 1927.

Àwọn olùdánwò tí a kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ìkòròdú. Ọ̀nà tí ó ti ibẹ̀ lọ sí Rẹ́mọ àti Ìbàdàn kì í ṣe ọ̀nà yẹpẹrẹ. Òwò tí ń gba orí rẹ̀ kọjá wà lára ohun tí ó fa ogun Ìkòròdú ní 1865. Nígbà tí lọ́rì dé, orí ọ̀sà ni èrò ń gbà láti Èkó dé èbúté Ìkòròdú. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti wọ lọ́rì lọ sí Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi àti ọ̀nà ilẹ̀ ṣe ń pàdé ní Ejìnrìn àti ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Inú àwọn ọdún 1950 ni mọ́tò tó ń ti Èkó dé Ìkòròdú tààrà lórí ilẹ̀.

Láti 1931 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́rì Bedford ní ìlú Luton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ tí ó fi gba gbogbo ọ̀nà wa kan. Kì í ṣe odindi ọkọ̀ ni ó sábà ń ti òkè òkun wá: ẹ́ńjìnnì, férémù irin, sípíríǹgì àti ẹsẹ̀ ni. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni ó ń kan ilé pákó lé e lórí, tí ó fi di bọ́lẹ̀kájà. Ẹ ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn tí ó ṣe férémù náà ti dán an wò ní ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò dán pákó, àga, èrò, àpò gàrí àti ewúrẹ́ tí a kó lé e lórí wò. Lọ́rì tí ó gbéra ní Ìkòròdú jẹ́ ọkọ̀ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò rí, àfi ọ̀nà tí ó ń lọ náà.

Kí ni ọ̀nà náà ṣe? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, táyà tí ń fò sókè sódò lórí ilẹ̀ gbígbẹ a máa kọ ilà sójú ọ̀nà títí tí yóò fi rí bí páànù ìbolé. Gbígbọ̀n yìí a máa tú nọ́ọ̀tì, a sì máa ṣẹ́ sípíríǹgì. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ a wọ inú ilé ìjánu, ìjánu a sì kọ̀ láti mú. Níbi yìí ni àwọn olùdánwò tiwa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ ń fi awẹ́ irin kún sípíríǹgì kí ó lè ru ẹrù sí i. Sípíríǹgì tí ó bá sì ti ṣẹ́ pátápátá, kì í sọ ọ́ nù. Àdá àti ọkọ́ ni ó ń fi rọ. Dẹ́rẹ́bà kọ́ láti fi gíà kékeré sọ òkè, kí ẹ́ńjìnnì lè bá ìjánu di ọkọ̀ mú. Ọmọ mọ́tò ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì pẹ̀lú ègé igi lọ́wọ́. Bí lọ́rì bá ń gun òkè tí agbára rẹ̀ pin, ọmọ yìí a bẹ́ sílẹ̀, a sì há igi náà sí ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má bàa yí padà sẹ́yìn. Igi àti ọmọ ènìyàn, àwọn ni ìjánu ìkẹyìn.

Ọgbọ́n ńlá ni àwọn wọ̀nyí lò, kò sì yẹ kí ìwé ìtàn fò wọ́n dá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ yìn láìyẹ̀wò. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ fi irin kún sípíríǹgì, lọ́rì lè ru ẹrù sí i. Ṣùgbọ́n ìjánu kò lágbára sí i, táyà kò sì nípọn sí i. A tún orúnkún ṣe, a gbàgbé ẹsẹ̀ àti ìfàsẹ́yìn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè Harrow ní 1899 ni a tún ṣètò fún láìmọ̀, lórí ọ̀nà tiwa.

Ta ni ó san owó ìdánwò náà?

Atọ́kùn ètò wa bi mí léèrè kí á tó bẹ̀rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá mi, ṣé kì í ṣe bí gbogbo ayé ṣe kọ́ ọgbọ́n nìyẹn, pé kí á ṣubú kí á tó mọ ìrìn?” Ìbéèrè rere ni. Èsì mi ni pé ẹni tí ó ṣubú ṣe pàtàkì. Bertha Benz dán mọ́tò ọkọ rẹ̀ wò, ara rẹ̀ ni ó fi wewu. Àwọn Michelin dán táyà ara wọn wò. Àwọn tí ó gun òkè Harrow mọ̀ pé ìdánwò ni wọ́n bá lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ru ẹja gbígbẹ láti Ìgbògbò, tí ó san owó ọkọ̀ ní Ìkòròdú, kò mọ̀ pé òun wà nínú ìdánwò. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn mi wà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aṣemọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ibi ìdánwò sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta ṣe ọ̀nà gbágungbàgun, kí sípíríǹgì lè ṣẹ́ níbẹ̀ kí ó má bàa ṣẹ́ lábẹ́ èrò. Láti 1953, ìdíje mọ́tò tí a ń pè ní Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà di ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń gbé ọkọ̀ wọn wá fún eruku àti ẹrẹ̀ ilẹ̀ adúláwọ̀. Peugeot borí níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní 1975 pàápàá Peugeot 504 ni ó gbégbá orókè. Ní ọdún yẹn gan-an ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Ẹ̀yin tí ẹ rántí bí 504 ṣe tọ́jọ́ lórí ọ̀nà wa, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwúre. Ọ̀nà tí ó jọ tiwa ti dán an wò.

Ìjọba náà kò dákẹ́. Òfin lórí mọ́tò àti ọ̀nà ti wà ní Gúúsù Nàìjíríà láti 1913. Ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, òun náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè rọ́pò ojú tí ń wò àti ọwọ́ tí ń kan nǹkan.

Ẹ̀kọ́ fún òní

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni èyí, kí ó wo táyà. Láti àwọn ọdún 1960 ni a ti ń ṣe táyà ní Nàìjíríà, Dunlop ní Ìkẹjà, Michelin ní Port Harcourt. Michelin ṣíwọ́ ní 2007, Dunlop ṣíwọ́ ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni a ti ń kó ọ̀pọ̀ táyà wa wọlé, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò sẹ́yìn. Ọ̀nà ilẹ̀ òtútù ni ó dán an wò, kì í ṣe ọ̀nà tí oòrùn wa ń yan. Rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí olùkọ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi ohun mẹ́ta tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹsẹ̀ ni àkọ́kọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà; méjì ìṣáájú ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí a ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ní kí a má ṣe lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin. Kí wọ́n wo bóyá ara rẹ̀ ti sán, kí wọ́n sì rí i pé gbogbo nọ́ọ̀tì pé. Orúnkún ni èkejì. Kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ kékeré mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń fò sókè sódò tí kò tètè dúró, ohun tí ń di sípíríǹgì mú ti kú. Ìfàsẹ́yìn ni ẹ̀kẹta. Ní gbangba tí kò sí ènìyàn, kí awakọ̀ rọra wà á, kí ó tẹ ìjánu. Bí ọkọ̀ bá yà sápá kan, tàbí bí ìjánu bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kí èrò kankan má ṣe wọ̀ ọ́.

Kí olùkọ́ ìṣirò náà má jókòó. Ìwé òfin ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí mọ́tò bá ń sáré 20 máìlì ní wákàtí kan, yóò yí tó ẹsẹ̀ bàtà 20 lẹ́yìn tí ìjánu bá ti mú. Bí eré náà bá di 40, kì í ṣe 40 ni yóò yí, 80 ni. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà ìdúró di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yìí kò ní bá awakọ̀ sáré àsápajúdé lọ sí Ṣàgámù láìsọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọwọ́ ayé ni ìjàǹbá, tàbí pé Ògún ń bínú. Èmi kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Ògún tí àwọn awakọ̀ ń bọ, alágbẹ̀dẹ ni í ṣe. Alágbẹ̀dẹ kì í gbé àdá fún àgbẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti kàn án lórí owú, kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bu ọlá fún onírin, kí ó kọ́kọ́ yẹ irin wò.

Kí á tó túká, mo fi ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún ìjíròrò ní kíláàsì. Èwo ni ó kọ́ni jù nínú ìdánwò Bertha Benz àti ti òkè Harrow, kí sì ni ìdí? Bí ẹ bá jẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Ìkòròdú nígbà bọ́lẹ̀kájà, kí ni ẹ̀ bá sọ fún onílọ́rì tí ó ní kí ẹ fi irin kún sípíríǹgì òun? Ta ni ó yẹ kí ó máa san owó àyẹ̀wò ọkọ̀ èrò lónìí: onílé iṣẹ́ tí ó ṣe é, ẹni tí ó ni ín, ìjọba, tàbí èrò?

Ọ̀nà kò ní dẹ́kun láti máa dán ọkọ̀ wò. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí Bertha ti jáde ní Mannheim. Tiwa ni kí á ti yẹ ọkọ̀ wò nílé, kí ọ̀nà má bàa fi ẹ̀mí wa ṣe ìwé ìdánwò. Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọ̀nà á dára o.